Ìrírí mi: owó tí mo ná lórí ẹṣin tí mi ò rà

₦214,000. Iye tí mo ná nìyẹn kí ọwọ́ mi tó kan ìjánu ẹṣin tó jẹ́ tiwa. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó dókítà ẹran lẹ́ẹ̀mejì wà níbẹ̀, owó alárinà tó ní òun ló mú mi mọ ọlọ́jà náà wà níbẹ̀. Ẹṣin tí mo sì tìtorí ẹ̀ ná an, mi ò rà á. Inú ṣì ń bí mi, torí gbogbo ohun tó jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ni ẹni tó ń tà á ti mọ̀ kí n tó kúrò ní Èkó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Ìdílé wa wà lára àwọn tó máa ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Bàbá wa ní ẹṣin tiwọn nígbà ayé wọn, àwa ọmọ ló di ẹni tó ń yá ẹṣin lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, 18 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹṣin tí a yá fún ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìró ìbọn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ta kìjí, ó sì kó sáàárín èrò pẹ̀lú wọn lórí. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, òun ló sì yọ àwọn ọmọdé tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Alẹ́ ọjọ́ náà la fẹnu kò pé a máa dáwó ra tiwa. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wá a, nítorí èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé bàbá wa lọ sídìí ẹṣin nígbà tí mo wà ní kékeré.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìpolówó kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ lórí fóònù: akọ ẹṣin funfun ní Ìlọrin, ọmọ ọdún méje, kò ní àbùkù kankan, ọmọdé pàápàá lè gùn ún, ₦2,500,000. Àwòrán mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fídíò kan sì tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò rí nígbà náà. Nínú àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, koríko bo ẹsẹ̀ ẹṣin náà dé òkè pátákò. Nínú fídíò, orí iyanrìn ló ti ń rìn. Kò síbì kan tí a ti rí pátákò rẹ̀, kò sì síbì kan tó ti tẹ ilẹ̀ líle. Mo wo fídíò yẹn tó ìgbà ogún, gọ̀gọ̀ àti ìrù ni mò ń wò.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ gbo mí jìgìjìgì kí n tó débẹ̀. Nígbà tí mo dé, oòrùn ti mú, wọ́n sì ti di ẹṣin náà ní gàárì sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti ń làágùn. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn. Mo rò pé wọ́n ṣe é láti gbà mí lálejò ni.

Eyín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, torí bàbá wa kọ́ mi ní èyí dáadáa. Eyín ọmọdé iwájú ẹṣin máa ń ká ní méjì-méjì lókè àti nísàlẹ̀: ti àárín ní nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ní mẹ́ta ààbọ̀, ti igun ní mẹ́rin ààbọ̀. Tó bá fi pé ọdún márùn-ún, ẹnu ti pé. Ihò kékeré dúdú tó wà lórí eyín ìsàlẹ̀ á wá máa pa rẹ́; tó bá fi máa di ọdún mẹ́jọ, ó sábà máa ń ti jẹ tán. Lẹ́yìn ìyẹn, eyín igun òkè ni ẹ ó máa wò. Ìlà tóóró kan tó ṣú máa ń yọ níbẹ̀ lẹ́bàá erìgì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Tó bá dé ìdajì eyín, ẹṣin náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlà ti ẹṣin tí wọ́n pè ní ọmọ ọdún méje yìí ti ń sún mọ́ ìdajì.

Kì í ṣe pé ó dàgbà ló dùn mí. Ẹṣin ọdún mẹ́tàlá tí ara rẹ̀ le lè gbé àgbàlagbà fún ọdún púpọ̀ sí i, ó sì máa ń fara balẹ̀ ju ọmọ ẹṣin lọ. Irọ́ ló dùn mí. Mo fi ìlà náà han Alhaji tó ni ẹṣin. Ó wò ó, ó ní, “Àbúrò mi, ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo rà á ni mo sọ fún ọ.” Ó yọ ₦400,000 kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo gun ẹṣin náà yí ọgbà ká, ó rọ̀ lọ́wọ́, kò gé ni jẹ, kò tàpá. Mo padà sí Èkó pẹ̀lú ọkàn pé mo ti ríi. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹni tó bá purọ́ fún yín nípa ohun tí ẹnu ẹṣin ń sọ fúnra rẹ̀, ẹ má gba owó tó bá yọ. Ẹ máa lọ ilé.

Ìgbà kejì tí mo lọ, mo gba dókítà ẹran kan ní Ìlọrin. Ọkùnrin tó mọṣẹ́ ni. Bí a ṣe wọlé, gàárì ti wà lórí ẹṣin, òógùn ti wà lábẹ́ gàárì. Dókítà kò sọ nǹkan kan. Ó fi ìka méjì sábẹ́ àgbọ̀n ẹṣin, ó wo aago rẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọkàn ẹṣin tó ń sinmi kì í sábà kọjá mẹ́rìnlélógójì, ó sì lè wálẹ̀ dé méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ní, “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá eré lórí ẹṣin yìí ni. Mi ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan lónìí.”

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé fún mi. Ẹṣin tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tí oríkèé rẹ̀ ti le, tí wọ́n bá ti gùn ún fún bí wákàtí kan kí olùrà tó dé, ara rẹ̀ á ti já, kò ní tiro mọ́. Èyí tó jẹ́ alágídí, àárẹ̀ á ti mú un, á dà bí àgùntàn. Oògùn apàrora sì wà, phenylbutazone ni àwọn dókítà máa ń lò jù fún ẹṣin, tó lè bo ìrora mọ́lẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Mi ò rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, mi ò sì ní fi ẹ̀sùn ohun tí ojú mi kò tó kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí dókítà ní ká ṣe ò ju méjì lọ: kí wọ́n fi ẹṣin náà sílẹ̀ láìgùn títí a ó fi dé ní òwúrọ̀, kí a sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ lórí ohun méjì yìí.

Lórí ẹ̀jẹ̀, Alhaji ní kò sẹ́ni tó máa fa ẹ̀jẹ̀ ẹran òun lọ síbi tí òun ò mọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin náà tún ní ẹ̀jẹ̀ ẹṣin funfun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fún àjèjì. Ìbẹ̀rù wọn yé mi. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri, a máa ń béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nítorí náà mi ò bá wọn jà. Mo ní kí Alhaji fúnra wọn gbé e lọ, kí wọ́n dúró ti àyẹ̀wò náà títí yóò fi parí, èmi á sanwó. Wọ́n kọ̀. Mo ní kí dókítà tiwọn gbà á, wọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe àṣejù lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Eṣinṣin tsetse wà ní gúúsù, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń kó ràn ẹṣin ló fà á tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ fi ń ra ẹṣin láti òkè ọya nígbà gbogbo, tí èyí tí wọ́n kó wá sínú igbó kì í sì í pẹ́ láyé. Ẹṣin tó ní in lè máa jẹun dáadáa, kó sì máa rù. Erìgì rẹ̀ á funfun, abẹ́ ikùn rẹ̀ á wú, ibà á máa wá, á máa lọ. Kí n wá gbé irú ẹ̀ wọ Ìjẹ̀bú, kí n sì fi owó àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ṣòfò?

Lórí fífi ẹṣin sílẹ̀ láìgùn, wọn kò kọ̀ ní tààrà. Wọ́n á ní ó dáa. Lọ́jọ́ kejì alárinà á pè mí pé ẹlòmíì ti fẹ́ san owó. Mo bá wọn dá ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n yí i sí ọ̀sán Sátidé. Mo ní òwúrọ̀ ni mo fẹ́, wọ́n ní òwúrọ̀ kò rọrùn. Mo béèrè pé kí ló dé tí òwúrọ̀ kò fi rọrùn fún ẹṣin tó ń gbé inú ọgbà wọn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Lójoojúmọ́ ni mò ń pe, lójoojúmọ́ ni káàdì ń tán. Èèyàn máa ń rò pé òun ló ń dí ọjà lọ́wọ́ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alhaji lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo bá rántí àforíjì yẹn, ọkàn mi máa ń gbóná.

Nínú oṣù Kejì mo gba ọ̀nà Ìlọrin lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni. Ọyẹ́ ṣì ń mú. Bí a ṣe kírun Súbúù tán ni mo forí lé ọgbà Alhaji. Ọmọkùnrin náà ń gbálẹ̀ ẹṣin lọ́wọ́. Mo kí i, mo bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo ní mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi dé. Mo kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò.

Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ẹṣin náà nà síwájú, ó fi gbogbo ara ti ẹ̀yìn, bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta. Alhaji dé láti mọ́ṣáláṣí, ojú wọn kọ́rẹ́, àmọ́ àwọn aládùúgbò ti dúró, wọ́n ní kí wọ́n fà á jáde. Mo bẹ̀ wọ́n pé orí sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n ti fà á, kí ọmọkùnrin náà sì bá a sáré díẹ̀ pẹ̀lú okùn lásán. Orí rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹsẹ̀ òsì iwájú bá tẹ ilẹ̀, orí á fò sókè. Tí ọ̀tún bá tẹ̀ ẹ́, orí á wálẹ̀. Ẹsẹ̀ tí orí ń sá fún ni ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Kò ní dókítà nínú. Ẹnikẹ́ni tó bá lójú á rí i. Mo ní, “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo orí rẹ̀.” Wọ́n ní ó sùn lé ẹsẹ̀ ni.

Dókítà wá bá wa níbẹ̀. Ó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára pátákò, àmì bí òrùka sì yọ léraléra, èyí tó fẹ̀ lẹ́yìn ju iwájú lọ. Ó ní inú pátákò náà ti wú rí, ó sì ti pẹ́. Irú rẹ̀ máa ń bá ẹṣin tí wọ́n ń fún ní ọkà jù. Àmì bẹ́ẹ̀ kì í yọ ní òru ọjọ́ kan. Wọ́n mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji, mo kúrò. Mi ò lè purọ́, mo rìn jáde ní ọgbà yẹn pẹ̀lú orí gíga, torí ojú mi ló rí i.

Ti ẹṣin tí a rà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Abo ẹṣin ni, ó ti gbá pólò rí, Ìbàdàn ló wà. Ẹni tó ni ín sọ fún mi lórí fóònù, kí n tó béèrè, pé ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá àti pé ó ní ojú ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ní kí n wá nígbàkígbà tó bá wù mí. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, wọn kò rí kòkòrò kankan. Eyín bá ọ̀rọ̀ mu.

Ohun kan ni mo ṣe níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra ẹṣin fún Ojúde Ọba máa ṣe. Mo mú onígángan kan dání. Mo ní kó dúró lókèèrè kó máa lù, kó máa sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ẹṣin pólò mọ ariwo èrò, kò mọ gángan. Ó kọ́kọ́ na etí méjèèjì, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fọn imú. Nígbà tí ìlù fi máa dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti sọ orí kalẹ̀, ó ń gbóòórùn awọ ìlù náà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ti ìbọn, oṣù mẹ́ta la fi kọ́ ọ, láti òkèèrè wá sí tòsí.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, 8 oṣù Kẹfà ọdún 2025, òun ni ẹ̀gbọ́n mi gùn. Wọ́n yìnbọn, etí rẹ̀ mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Mo sunkún níbi tí mo dúró sí.

Àmọ́ alárinà Ìlọrin kò tíì dá ₦40,000 mi padà. Ó ní iṣẹ́ tòun ni kí òun mú mi dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, òun sì ti ṣe é. Mo ṣì ń pè é.