Ìtọ́jú Ọ́kíìdì Onírù Gígùn ti Madagásíkà

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni òórùn dídùn ọ́kíìdì yìí máa ń gba gbogbo ilé. Angraecum sesquipedale ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó rí bí ìràwọ̀, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì rọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó máa ń gùn tó nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà. Ìsàlẹ̀ ìrù yẹn pátápátá ni oje dídùn rẹ̀ wà. Ní 1862, Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun alààyè, kọ ọ́ pé àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà ní Madagásíkà tí ẹnu rẹ̀ gùn débẹ̀. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Darwin ti kú kí wọ́n tó kọ nípa àfòpiná náà ní 1903.

Ẹ má gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ o. Orí igi ló ń gbé nínú igbó, àmọ́ kì í fa oje igi mu bí àfòmọ́. Ó kàn dì mọ́ ọn ni. Èèpo igi gbígbẹ tí a gé, tí kò kúná, ni kí ẹ kó sínú ìkòkò tó nihò nídìí, kí atẹ́gùn lè máa dé ibi gbòǹgbò.

Gbòǹgbò yìí gan-an ni kí ẹ fi ṣọ́ra jù. Tó bá gbẹ, àwọ̀ eérú ló máa ń ní. Ẹ da omi sí i, ẹ ó rí i tó ń di àwọ̀ ewé lójú yín. Èyí tó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀ ti jẹrà. Bí ẹ bá ń tú gbòǹgbò káàkiri, ó lè lé lọ́dún kan kí ọ́kíìdì náà tó tún yọ òdòdó. Ìgbà tí èèpo igi bá ti jẹrà nìkan ni kí ẹ pààrọ̀ ìkòkò, kí gbòǹgbò tuntun sì ti máa yọ. Ẹ kọ́kọ́ rin gbòǹgbò náà dáadáa kó lè ṣeé tẹ̀ láìkán.

Bí èèpo igi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi ṣàn jáde nídìí. Kí omi má dúró sáàárín ewé. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán gangan á jó ewé rẹ̀. Òtútù tó bá kọjá 15°C sísàlẹ̀ kò dáa fún un.

Èyí tí wọ́n gbìn láti inú irúgbìn ni kí ẹ rà, ẹ má ra èyí tí wọ́n já nínú igbó. CITES, òfin àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ló ń dáàbò bò ó, nítorí náà ẹ béèrè ìwé àṣẹ tó bá ti òkè òkun wá.