Olólùfẹ́ tó túka tó tún ríra: bí a ṣe ń kọ ìtàn ìfẹ́ Skọ́tlándì àtijọ́ fún òǹkàwé Èkó

Ibi tí irú ìtàn yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ kì í ṣe ibi tí àwọn méjèèjì ti tún fojú kanra, ibi tí wọ́n ti túka ni. Tó bá jẹ́ lẹ́tà kan ló sọnù, tàbí olófòófó kan ló dá wọn níjà, òǹkàwé tó jókòó sínú dánfó láti Ọ̀ṣòdì yóò béèrè pé kí ló dé tí ọ̀kan nínú wọn ò kúkú lọ kan ilẹ̀kùn èkejì. Ẹ wá ohun tí ẹnu lásán ò lè tún ṣe.

Ogun Culloden, nítòsí ìlú Inverness ní àríwá Skọ́tlándì, nìyẹn, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 1746. Kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, síbẹ̀ ó tú agboolé ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lára àwọn tó gbè sẹ́yìn Charles Edward Stuart, ọmọ ọba tó fẹ́ gba ìtẹ́ padà fún bàbá rẹ̀, àwọn kan kú, ìjọba London kó àwọn tó lé ní 900 sọdá òkun, àwọn mìíràn sá lọ sí Faransé. Ẹ mú ẹni tó sá lọ sí Faransé, ọ̀nà ilé kò jìn sí i jù. Ṣùgbọ́n kó bẹ̀rù bó ṣe ń bọ̀: Dókítà Archibald Cameron, ọ̀kan lára àwọn ènìyàn Charles tó sá lọ, padà wá, wọ́n mú un, wọ́n sì yẹgi fún un ní London ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1753. Tí ọkùnrin yín bá dé ní 1754, gbogbo abúlé ló ti gbọ́ èyí.

Ẹ ṣírò ọjọ́ orí sórí bébà kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ogún ọdún ní 1746 ti di ẹni 28. Oyún tó fi sílẹ̀ ti di ọmọ ọdún méje, ó ti ń jíṣẹ́, ó sì ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tí àgbà ò fẹ́ dáhùn.

Òfin ìgbéyàwó wọn náà wúlò fún yín. Ní Skọ́tlándì, tí ọkùnrin àti obìnrin tí kò sí ìdíwọ́ fún bá ti sọ fúnra wọn pé àwọn gba ara àwọn ní ọkọ àti ìyàwó, ó parí. Kò di dandan kí àlùfáà wà níbẹ̀, kò di dandan kí wọ́n kọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di 1940. Ará Èkó tó mọ fọ́ọ̀mù rẹ́gísìtìrì kò ní tètè gbà, nítorí náà ẹ jẹ́ kó rí i lójú, ní òru tó ṣáájú ogun. Tí obìnrin náà bá wá fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tó gbọ́ pé ọkọ ti kú, ìyàwó ta ni? Ẹ má sì sọ pé kò sí ìkọ̀sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Láti 1573 ni òfin Skọ́tlándì ti fàyè gbà á fún ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ bá pa tì fún ọdún mẹ́rin.

Aṣọ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1747, òfin ka aṣọ Ilẹ̀ Òkè (Highlands, agbègbè olókè ní àríwá Skọ́tlándì) léèwọ̀ fún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nígbà àkọ́kọ́, tó bá tún ṣe é, wọ́n á kó o sọdá òkun fún ọdún méje. 1782 ni wọ́n tó fagi lé e. Tí ọkùnrin yín bá wọ tartan, aṣọ onílà alápòpọ̀ àwọ̀ ti Ilẹ̀ Òkè, wọ ọjà ní 1754, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, àfi tó bá jẹ́ sójà ìjọba. Kò kan obìnrin. Torí náà, ara ìborùn obìnrin náà ni kí ọkùnrin ti rí aṣọ tó fi sílẹ̀: ó ti gé e, ó ti ṣẹ́ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibi tí idà ti ya á ṣì wà, òwú tó fi rán an ò bá àwọ̀ aṣọ mu. Kó máa rùn èéfín, nítorí erùpẹ̀ àbàtà tí wọ́n sá gbẹ ni wọ́n fi ń dáná. Ẹ má sì pín àwọ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan bí aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé ní Ṣùúrùlérè. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tó to ìyẹn jọ.

Ẹ ṣọ́ ilẹ̀ ṣíṣú pẹ̀lú. Ní Inverness, ojúmọ́ ń gùn tó wákàtí 18 nínú oṣù Kẹfà, kò sì ju bíi mẹ́fà ààbọ̀ lọ ní ìparí oṣù Kejìlá. Olólùfẹ́ tó fẹ́ fi òkùnkùn bojú ní agogo mẹ́jọ alẹ́ oṣù Kẹfà, gbogbo àdúgbò ló ń wò wọ́n.

Wàyí o, ibi tí Yorùbá ti ju Gẹ̀ẹ́sì lọ níbi iṣẹ́ yìí. Gaelic ni àwọn ará Ilẹ̀ Òkè ń sọ nílé láyé ọjọ́un, Gaelic sì ní "thu" fún ẹgbẹ́ ẹni, "sibh" fún àgbà, ẹni ọ̀wọ̀ àti èèyàn púpọ̀. "O" àti "ẹ" gan-an ni. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ò ní irú ẹ̀.

Kí wọ́n tó túka, "o" ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Nígbà tó padà wá, obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní: "Ẹ káalẹ́ o. Ta lẹ̀ ń wá?" Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. "Ẹ" yẹn ti gún un. Òun náà á fi "ẹ" dá a lóhùn, torí ọkọ tuntun tí obìnrin náà fẹ́ wà nídìí iná. Kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, kódà tí wọ́n bá ń jà.

Tí ìtàn bá jẹ́ orí 12, tí orí kọ̀ọ̀kan tó ọ̀rọ̀ 1,500 (èèyàn á kà á tán lórí fóònù kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Third Mainland tó tú), lẹ́yìn tí ọkùnrin náà bá ti padà dé, "o" ò gbọdọ̀ jáde láàárín àwọn méjèèjì títí di orí kẹsàn-án. Ẹ padà yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wò láti ìgbà tó dé títí dé òpin orí kẹjọ. "Rẹ" tó yẹ kó jẹ́ "yín" ló máa ń sá mọ́ni lọ́wọ́ jù. Kó má sì jẹ́ abẹ́ òṣùpá ló ti máa bọ́. Ọmọ ń ṣàìsàn, ìkòkò ń hó, obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn: "Gbé omi yẹn fún mi." Kì í ṣe "ẹ bá mi gbé e". Ọkùnrin náà gbé e fún un. Ẹ gé orí náà síbẹ̀.