Redshift dákẹ́ lórí Ubuntu mi: ohun tó yanjú rẹ̀ nìyí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lóru, tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà ń ta lójú, ẹ gbọ́ èyí. Lẹ́yìn tí mo gbé Ubuntu 22.04 sórí ẹ̀rọ mi, Redshift, ètò tó máa ń sọ àwọ̀ ojú ẹ̀rọ di pípọ́n lóru kó má bàa ta lójú, ń ṣí, ṣùgbọ́n kò yí àwọ̀ kankan padà.

Mo tẹ èyí sí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ):

echo $XDG_SESSION_TYPE

Ó dáhùn pé wayland, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí Linux ń gbà gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. X11, ọ̀nà àtijọ́, ni wọ́n kọ Redshift fún, níbi tí ètò kan ti lè fúnra rẹ̀ yí gamma (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀) ojú ẹ̀rọ padà. Wayland kò gbà bẹ́ẹ̀. Lórí Ubuntu, GNOME, ìyẹn ètò tó ń gbé ojú iṣẹ́ (desktop) kalẹ̀, ló ń darí àwọ̀, òun náà ló sì yẹ ká bẹ̀ níṣẹ́.

Mo yọ Redshift kúrò, mo tan Night Light, ti GNOME fúnra rẹ̀, nínú Settings lábẹ́ Displays, mo sì fi àṣẹ yìí yan ìwọ̀n tó tù mí lójú:

gsettings set org.gnome.settings-daemon.plugins.color night-light-temperature 3500

Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ojú ẹ̀rọ á ṣe pọ́n tó.

Ẹni tó ń lo Sway, ojú iṣẹ́ mìíràn lórí Wayland, Gammastep, ètò tó jọ Redshift, ni kó wá. Bí ẹ bá sì fẹ́ tún fọ́tò ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pa Night Light, torí ó máa ń sọ funfun di pípọ́n.