Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá yunifásítì òkè òkun ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ má ṣe é báyìí o

Ẹ̀yin ará ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ̀rọ̀. Ẹ má kàn gba ẹ̀rọ torí pé ọ̀fẹ́ ni. Nílé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Yaba níbí, wọ́n kó ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wa láti Amẹ́ríkà, káńtẹ́nà jókòó sí Apapa, demurrage, owó tí wọ́n ń gbà torí káńtẹ́nà tó pẹ́ ní pọ́ọ̀tù, ń gorí ara wọn, ìgbà tó jàjà dé inú gbogbo wa ń dùn, fótò la kọ́kọ́ yà, ni bọ̀dá kan bá ki wáyà ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ká tó wí ká tó fọ̀, èéfín ti gba lábù. 120 volts, 60 hertz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní sẹ́kọ́ńdù kan) ni iná tiwọn, tiwa 230 volts, 50 hertz. Àwọn kan á ní ṣebí ẹ ò bá ra transformer step-down. Step-down á já volts wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò lè fọwọ́ kan hertz, mọ́tò inú ẹ̀rọ tó yẹ kó yí ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan á máa yí 1,500, á sì lè máa gbóná. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí MoU, ìwé àdéhùn yín, ẹ bèèrè irú iná tí ẹ̀rọ náà ń lò àti ibi tí wọ́n ti ń ta spare parts ẹ̀. Ẹ má tijú.

Èyí tó tún ń bí mi nínú: wọ́n ní kí èèyàn méjì wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ, HOD (olórí ẹ̀ka) àti dean ló máa wọ bàálù. Wọ́n á ra ṣokoléètì bọ̀ fún wa, technologist tó ń ṣílẹ̀kùn lábù láràárọ̀ ò mọ bọ́tìnnì tó máa tẹ̀.

Ẹ má gba project tó dá lórí yìnyín ìlú wọn o jàre, nígbà tómi òjò ń wọlé bá wa lóṣù kẹfà; ìṣòro tiwa ni kẹ́ ẹ jọ ṣèwádìí lé.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sítíráìkì sínú MoU náà. Lọ́dún 2022 ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, àwọn tọ̀hún ò ní dúró dè yín.

Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan la gbọ́dọ̀ kó sínú ọkọ̀ ojú omi. MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, bá OAU Ifẹ̀, yunifásítì Makerere ní Uganda àti ti Dar es Salaam ní Tanzania ṣe iLab, orí íntánẹ́ẹ̀tì lọmọ ilé ìwé á ti máa lo ẹ̀rọ tó wà nínú lábù ibòmíì, àwọn ará Ifẹ̀ sì kọ́ lábù orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ìyẹn náà ń fẹ́ iná àti data, ẹ ṣètò ẹ̀ ṣáájú.

Ẹ̀rọ wa tó jó yẹn ṣì wà nígun lábù, wọ́n faṣọ bò ó, sítíkà àwọn tó fún wa ṣì ń dán lára ẹ̀.