Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ ẹ̀fọ́rí tí orísun rẹ̀ wà nínú eegun ọrùn

Bí ẹ̀fọ́rí bá ti ń bá ọmọ yín fínra fún oṣù mélòó kan, tí ẹ ti lo oògùn ibà títí, tí wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò láìrí nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n wo ọrùn. Iṣan tí ń gbé ìrora láti apá òkè ọrùn àti èyí tó wá láti iwájú orí ń pàdé níbì kan náà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí ohun tó ń ṣe eegun ọrùn fi lè máa fọ́ ni ní ìpàkọ́ títí dé ẹ̀yìn ojú.

Lára ohun tó lè fà á, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ni kókó inú eegun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní osteoid osteoma, èyí tí Henry Jaffe, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe ní ọdún 1935. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í tàn ká, kì í sì í sábà tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Àwọn ọ̀dọ́, pàápàá ọkùnrin, ló ń ṣe jù.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: aago tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó wà, oògùn tí ọmọ lò àti ìgbà tó rọlẹ̀. Ìrora kókó yìí máa ń le lóru débi pé ó lè jí ọmọ ní aago méjì, ibuprofen, oògùn ìrora, a sì tètè pa á lẹ́nu mọ́, nítorí pé prostaglandin (èròjà tó ń fa ìrora àti wíwú) tí kókó náà ń tú jáde gan-an ni oògùn náà ń dènà. Lójú tèmi, àkọsílẹ̀ yìí wúlò fún dókítà ju ìtàn gígùn lọ. (Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin, ẹ má sì sọ ibuprofen di oúnjẹ, nítorí ikùn àti kíndìnrín.)

Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ náà pẹ̀lú, kí ẹ wo bí orí rẹ̀ ṣe rí lórí èjìká. Bí ó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fà á bọ̀ sípò.

X-ray lè má fi nǹkan kan hàn, MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi òòfà yà) sì lè fi wíwú tó yí kókó ká hàn ju kókó fúnra rẹ̀ lọ. CT scan (X-ray tó ń ya inú ara ní ìpele ìpele) ló ń fi í hàn jù. Bí wọ́n bá rí i, òmíràn máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pẹ̀lú oògùn, òmíràn ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, èyí tó gba ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, tàbí tí ibà bá bá ọrùn líle rìn, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.