Bí a ṣe ń pààrọ̀ kọ̀n-béárìn nílé láì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Èkìtì kete, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ ara yín tún mọ́tò yín ṣe. Ọ̀rọ̀ kọ̀n-béárìn ni mo gbé wá, ìyẹn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó wà láàrin kọ̀n-rọ́ọ̀dù (irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì) àti kíráńkì (irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), torí ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ nígbà tó jẹ́ pé béárìn nìkan ló jẹ.

Òkè Ẹ̀fọ̀n ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ tèmi. Kámúrì ni, ẹ́ńjìnnì 5S-FE, iṣu kún búùtù, mo tẹ tọ́tù kó lè gùnkè, ni mo bá ń gbọ́ gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ látìsàlẹ̀, ó wúwo, bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nílé kejì. Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tó ń ti fáàfù lókè ẹ́ńjìnnì, kì í dún báyẹn o, tápẹ́ẹ̀tì máa ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́ lókè bí ẹni ń fi èékánná lu páànù. Ti kọ̀n-béárìn, bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ tọ́tù ló ṣe ń yára, tí ọkọ̀ bá sì ń wọ́ ẹrù, ohùn ẹ̀ á tún le sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ silíńdà tó ń ṣe é, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ ojú wáyà ínjẹ́kítọ̀ kan, ẹ sítáàtì ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ pa á, ẹ dá wáyà padà kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Èyí tí ohùn bá rọlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ yọ ọ́, ibẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ má wà á mọ́ o, ẹ bẹ ẹnì kan kó wọ́ ọ relé. Kọ̀n-rọ́ọ̀dù tó já máa lu búlọ́ọ̀kù jáde ni, ẹ́ńjìnnì yẹn ti lọ nìyẹn.

Ká tó tú nkankan, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ẹ kọ́kọ́ wá, èyí tí kò rọrùn nílùú wa tó jẹ́ òkè níhìn-ín òkè lọ́hùn-ún. Orí sìmẹ́ǹtì ni kí ọkọ̀ wà, ẹ fi òkúta ńlá há táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé e, kẹ́ ẹ wá gbé e lé irin ìdúró méjì tó lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, búlọ́ọ̀kù ilé náà ò ṣeé gbára lé, ṣe ló máa ń fọ́ lójijì. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétífù.

Ẹ fa ọ́ìlì sínú báàfù tó mọ́, ẹ gbé e sí oòrùn kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí nkan tó ń dán yẹ́ríyẹ́rí nínú ẹ̀, béárìn ló ń yọ́ yẹn. Ẹ gé fíltà náà, ẹ tú ìwé inú ẹ̀ wò, ibẹ̀ ló máa ń kó sí jù. Ẹ wá tú sàlẹ́ńsà iwájú àti irin tó so gíá bọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí sọ́ńpù, ìyẹn abọ́ tí ọ́ìlì máa ń wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó lè jáde. Gọ́ọ̀mù ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ẹ má fi ṣísẹ́lì gbá a, etí sọ́ńpù á tẹ̀, á sì máa jò títí ayé.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí nìyí. Nígbà tí mo sọ sọ́ńpù tèmi kalẹ̀, mo wo síténà, ìyẹn asẹ́ tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, okùn gọ́ọ̀mù ló wé mọ́ ọn, ó ju ìdajì lọ tó ti dí. Ẹni tó ṣí i kẹ́yìn kó gọ́ọ̀mù sí i bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, èyí tó ṣẹ́kù sínú ló já bọ́ tí pọ́ọ̀ǹpù ń fà. Èmi náà, mi ò yọ géèjì ọ́ìlì wò fún nkan bí oṣù méjì, ọ́ìlì ti lọ sísàlẹ̀. Tí mo bá kàn yí béárìn tuntun sí i láì fọ síténà yẹn, ṣé kò ní tún jẹ láàrin oṣù kan ni? Béárìn kì í ṣàdédé jẹ, ọ́ìlì ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tàbí ọ́ìlì náà ò dáa, torí náà ẹ wá ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó.

Ó kan rọ́ọ̀dù. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè rọrùn láti yí, ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yí bóòtù àárín púlì ìsàlẹ̀ títí tí rọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fi máa wá sísàlẹ̀ pátápátá. 1 àti 4 jọ máa ń sọ̀kalẹ̀ ni, 2 àti 3 náà bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ fi pẹ́ńtì sàmì sára káàpù, ìyẹn ìdérí ìsàlẹ̀ rọ́ọ̀dù, àti rọ́ọ̀dù ẹ̀, ẹ sàmì sí iwájú ẹ̀ pẹ̀lú, torí káàpù kan ò gbọ́dọ̀ lọ sórí rọ́ọ̀dù ẹlòmíì láéláé, inú irin kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ àwọn méjèèjì pa pọ̀. Tí káàpù bá ti jáde, ẹ gé rọ́bà kéékèèké wọ bóòtù méjèèjì kó má baà ha kíráńkì, ẹ wá rọra ti písítìnì sókè díẹ̀ kí apá béárìn tòkè lè jáde.

Ẹ fi àkísà nu ojú kíráńkì, ẹ wá fi èékánná fà á kọjá. Tí èékánná bá ń kọ́, tàbí tí ojú ẹ̀ ti ń dà bíi búlúù nítorí ooru, iṣẹ́ ilé ti parí, kíráńkì gbọ́dọ̀ jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ, wọ́n á gbẹ́ 0.25 mm tàbí 0.50 mm kúrò lára ẹ̀, béárìn tó bá ìwọ̀n yẹn mu lẹ máa wá rà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi sáńpépà tàn yín. Tó bá ń dán tó sì ń yọ̀ bí ojú dígí, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ wo ẹ̀yìn béárìn àtijọ́ kẹ́ ẹ tó lọ rà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ STD (ìwọ̀n àkọ́kọ́, tí wọn ò tíì gbẹ́) tàbí 0.25 sí. Ti Toyota tún ní nọ́ńbà 1, 2 tàbí 3 lára káàpù, èyí tó bá wà níbẹ̀ ni kó wà lẹ́yìn béárìn, ẹ má rò pé nọ́ńbà silíńdà ni o, ọ̀pọ̀ ló ti ṣìnà níbẹ̀.

Ìmọ́tótó ló kù. Ẹ̀yìn béárìn àti inú rọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ gbẹ, kò gbọ́dọ̀ sí ọ́ìlì tàbí iyanrìn kankan, iyanrìn ọ̀gbẹlẹ̀ yìí tí ń fẹ́ kiri kéré lójú lásán ni. Etí kékeré tó wà lára béárìn gbọ́dọ̀ wọ ihò ẹ̀. Ẹ gé Plastigauge kan, ìyẹn okùn pílásítíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo tó wà láàrin béárìn àti kíráńkì, ẹ tẹ́ ẹ sórí ojú kíráńkì tó gbẹ, ẹ de káàpù tán, ẹ má yí kíráńkì rárá, ẹ wá tú u kẹ́ ẹ fi pépà ẹ̀ wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Àlàfo ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré máa ń wà láàrin 0.02 sí 0.06 mm, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Tó bá dáa, ẹ nù ún kúrò, ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa ojú béárìn dáadáa, ẹ fi díẹ̀ sí ẹnu bóòtù, ẹ de nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ti 5S-FE, sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, á dé 25 Nm, ẹ wá fi pẹ́ńtì sàmì sí nọ́ọ̀tì kẹ́ ẹ yí i ní 90° sí i. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí bóòtù ẹ̀ kì í ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ yẹ ìwé wò. Lẹ́yìn rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ẹ yí kíráńkì, tó bá gan, ẹ tú u padà.

Gọ́ọ̀mù sọ́ńpù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kó gba apá inú àwọn ihò bóòtù yí sọ́ńpù ká, ẹ jẹ́ kó gbẹ bí ara tíúbù ẹ̀ ṣe sọ, lọ́pọ̀ ìgbà wákàtí 24 ni. Ẹ da ọ́ìlì sínú fíltà tuntun kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ bu ọ́ìlì sẹ́ńjìnnì títí tí géèjì á fi kún dé àmì òkè.

Ẹ dá gbogbo ohun tẹ́ ẹ tú padà, àti orí bátìrì, ẹ yọ fíúùsì pọ́ọ̀ǹpù bẹntiróò, ẹ sítáàtì ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá títí iná ọ́ìlì fi máa kú, kí ọ́ìlì lè ti dé gbogbo béárìn kí iná tó jó nínú ẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa dá fíúùsì padà. Bó bá ti gbà, ẹ má tẹ tọ́tù, ẹ kàn dúró tì í, ẹ fetí sí i, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ó ń jò. Tèmi dákẹ́ wẹ́lo, mo ṣáà dúró níbẹ̀ mò ń gbọ́ ọ.

Mi ò gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ẹ̀ títí mo fi rin 500 km, Adó sí Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń wà á, jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo fa ọ́ìlì yẹn, mo gbé e sí oòrùn nínú báàfù kan náà, mo rú u, dúdú ni, kò sí ohun tó ń dán nínú ẹ̀.