Bí Mo Ṣe Tẹ́ Táìlì Gíránáìtì Sórí Kọ́ńtà Ìdáná Mi Fúnra Mi

Kọnkéré ni kọ́ńtà ìdáná wa ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Bíríkìlà dà á sórí búlọ́ọ̀kù, kápẹ́ńtà fi ilẹ̀kùn sí abẹ́ rẹ̀, sìmẹ́ńtì lásán ló sì wà lókè rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé. Epo pupa ti mu ún débi pé kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí mo pe àwọn tó ń gé odindi pálí gíránáìtì, ìyẹn òkúta pẹlẹbẹ ńlá, láti wá wọ̀n ọ́n, iye tí wọ́n pè kọjá agbára wa. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo pinnu láti ra táìlì gíránáìtì, kí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sì tẹ́ ẹ fúnra wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé táìlì tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà ló máa dín ìnáwó kù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Gígé ló ń jẹ owó: abẹ dáyámọ́ńdì á tètè jẹ tán, táìlì á máa fọ́, àgékù á kún ilẹ̀. Nítorí náà, téèpù ni mo kọ́kọ́ mú, kì í ṣe owó. Kọ́ńtà wa wà láàárín ògiri méjì, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 242, ó sì fẹ̀ ní 60. Táìlì tí mo wá kiri jẹ́ 30 sí 30, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 1. Mẹ́jọ ní gígùn, ìlà méjì ní fífẹ̀, gbogbo rẹ̀ 16, ibi síńkì nìkan la sì máa gé nínú wọn. Iwájú kọ́ńtà àti ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn ń fẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́jọ mẹ́jọ. Táìlì kan ń mú ọ̀já mẹ́ta jáde, nítorí náà mẹ́ta ló tó fún iwájú, mẹ́ta fún ẹ̀yìn. Ìyẹn 22. Mo ra 25, torí òkúta ni, ó lè sán nígbàkígbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó bí kílò méjì ààbọ̀, kí ẹ rántí ìyẹn kí ẹ tó sọ pé ẹ máa gbé e sórí ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ rírà náà ní tirẹ̀. Ìkòròdú tí a wà yìí, iyanrìn la ní, òkúta kò sí nílẹ̀ wa, a kò mọ gíránáìtì bí àwọn ará Abẹ́òkúta tó ń wo Olúmọ lójoojúmọ́ ṣe mọ̀ ọ́n. Ohunkóhun tó bá ń dán, wọ́n á ní gíránáìtì ni. Ní ìsọ̀ tí mo kọ́kọ́ yà, ọmọkùnrin tó ń tajà gbé ọ̀kan funfun tó ní ìlà eérú fún mi. "Màmá, gíránáìtì ojúlówó ni." Mo ní kó bá mi wá èyí tó ti fọ́. Mo yọ ọsàn wẹ́wẹ́ nínú báàgì, mo gé e, mo fún un sí ojú ibi tó ti ya. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfófòó kéékèèké ń yọ lára òkúta náà. Ọmọkùnrin náà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ máa fi se ọbẹ̀ ni?" Mábù ni. Mábù dára, wọ́n ń wà á ní Ìgbẹ́tì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó yẹ ilẹ̀ pálọ̀. Ṣùgbọ́n omi kíkan ń jẹ ẹ́: ọsàn, tòmátì, fínígà, gbogbo ohun tí à ń gé lórí kọ́ńtà ni yóò fi àpá sí i lára. Gíránáìtì kì í hó. Ọjà Coker ní Orílé ni mo ti wá rí èyí tó dúró lójú ọsàn, aláwọ̀ eérú tó ní tóótòòtóó dúdú. Gọ́ọ̀mù táìlì ni mo padà wá rà ní Sábó.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Òun ló yá mi ní réńjì, igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń wò bóyá nǹkan tò gún, àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń wò bóyá ó tẹ́jú, àti maṣíìnì tí wọ́n fi ń gé táìlì.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ fúnra rẹ?"

"Ẹ sáà bá mi jókòó sí tòsí, sà."

Ó jókòó lóòótọ́. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹnu ló fi ń bá wa ṣiṣẹ́.

A fi ọṣẹ àti omi gbígbóná bó epo kúrò lára kọnkéré, a sì fi ṣísẹ́ẹ̀lì sá a lára yíká, torí gọ́ọ̀mù kì í mú ibi tó ń yọ̀. Lẹ́yìn náà la to gbogbo táìlì sórí rẹ̀ ní gbígbẹ. Òkúta kò jọra wọn, òmíràn dúdú ju òmíràn lọ, a pààrọ̀ wọn títí ojú fi gbà á, mo wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àgbàlá la ti gé e. A rẹ táìlì sínú omi kí eruku má pọ̀, a sì bo imú pẹ̀lú ìbòmú gidi, kì í ṣe áńkáṣíìfù. Eruku gíránáìtì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Ẹ má da omi sí maṣíìnì fúnra rẹ̀, iná wà nínú rẹ̀. Ní ti ihò síńkì, Bàbá ní ká kọ́kọ́ lu ihò róbótó sí kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ká tó fi abẹ gé e wá bá ihò náà. Bí abẹ méjì bá pàdé ní kọ̀rọ̀ tó ṣe ṣóńṣó, ibẹ̀ ni òkúta ti ń sán.

Ọ̀já iwájú la kọ́kọ́ lẹ̀. Nígbà tó kan òkè, a fa ìlà àkọ́kọ́ jáde kọjá etí kọnkéré ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, kó lè bo orí ọ̀já náà àti gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀. Àlàfo tó kù lẹ́sẹ̀ ògiri kò ju bíńtín lọ, ọ̀já ẹ̀yìn sì dúró lé e lórí, ó bò ó. A fi tráwẹ́ẹ̀lì eléyín fa gọ́ọ̀mù sórí kọnkéré, a tún fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn táìlì. Bí a bá tẹ ọ̀kan tán, a ó ṣí i wò bóyá gọ́ọ̀mù kárí ẹ̀yìn rẹ̀, torí ibi tó bá ṣófo lábẹ́ ni ìkòkò yóò ti fọ́ táìlì lọ́jọ́ kan. Mìlímítà 2 la fi sáàárín wọn.

Etí iwájú ló gba sùúrù jù. Etí táìlì kì í dán bí ojú rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti ń tú àṣírí ara rẹ̀. Páàdì dáyámọ́ńdì tí wọ́n fi ń mú òkúta dán wọ́n, nítorí náà mo lọ bá àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀, mo ra sáńpépà olómi láti nọ́ńbà 220 dé 2000. Mo ń rẹ ẹ́ sómi, mo ń yún un, láti èyí tó le sí èyí tó kúnná. Ọwọ́ ro mí gan-an, ṣùgbọ́n etí náà dán.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó fi sìmẹ́ńtì funfun dí àárín, mo kán omi sójú táìlì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ojú ibẹ̀ ti ṣókùnkùn, ìyẹn ni pé òkúta náà ń mu, epo pupa á sì wọ inú rẹ̀. Mo fi òróró ìdènà tí wọ́n ń ta fún òkúta nù ún lẹ́ẹ̀mejì, mo nu àṣẹ́kù kúrò kó tó gbẹ. Sílíkóònù, gọ́ọ̀mù tó ń rọ̀ bíi rọ́bà, la fi dí etí ògiri àti síńkì, torí ibẹ̀ máa ń mì, sìmẹ́ńtì á là níbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí àwọn oní-pálí pè. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kán omi sí i wò bóyá ó ti ń mu padà. Gígún iyán lórí rẹ̀ nìkan ni mo fòfin dè. Ìyá ọkọ mi ní odó kékeré kò ní ṣe é ní nǹkan kan, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, ẹ̀yìnkùlé ni odó wà.